"Báwo lo ṣe mọ̀?": àlàyé lórí àròjinlẹ̀, ìdánwò àti èdè ìkọ́ni tó di àríyànjiyàn l'Ékòó

Láti bí àárín ọdún 2025 ni gbólóhùn kan ti di orin lẹ́nu àwọn òbí l'Ékòó, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìyànà Ìpájà: "Àwọn ọmọ òde òní ò lè ronú mọ́." Ẹ ó gbọ́ ọ nínú dánfó, ẹ ó gbọ́ ọ nípàdé òbí àti olùkọ́, ẹ ó sì bá a nínú ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Àwọn kan ní fóònù ló fà á. Àwọn kan ní ìjọba ni. Àwọn mìíràn ní Yorùbá tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ni kò jẹ́ kí ọpọlọ wọn jí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀: èsì JAMB, èsì WAEC, àti ìpinnu ìjọba àpapọ̀ lórí èdè tí wọn yóò máa fi kọ́ ọmọ níwèé. Ẹ jẹ́ ká fi àròjinlẹ̀, ìyẹn kí èèyàn máa béèrè ẹ̀rí kó tó gba ọ̀rọ̀, tú okùn náà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an sí èsì JAMB l'Ékòó?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2025, àjọ JAMB kéde pé nínú àwọn ọmọ 1,955,069 tí èsì wọn jáde, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ tí kò gba 200 nínú 400 máàkì. Ariwo ta. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní èsì náà fi hàn pé akitiyan àwọn láti dẹ́kun jíjí ìwé wò ti ń so èso. Ọ̀pọ̀ òbí gbà bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì ti bá ọmọ rẹ̀ jà kó tó béèrè ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n l'Ékòó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò, àwọn ọmọ kan fárígá pé máàkì tí àwọn rí kì í ṣe tàwọn. Àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ni ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀sùn jọ. JAMB pe àwọn onímọ̀ láti wá yẹ iṣẹ́ náà wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn l'Ábújá, ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà níbẹ̀, ó tọrọ àforíjì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn tó ń bá àjọ náà ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò fi àtúnṣe tó yẹ sórí àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹkùn Èkó àti ẹkùn Owerri, èyí tó kó ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò náà pọ̀. Ibùdó ìdánwò 157 ló fara gbá a, 65 l'Ékòó, 92 ní ẹkùn Owerri. Àwọn ọmọ tó kàn jẹ́ 379,997, Èkó nìkan sì kó 206,610 nínú wọn. Láti ọjọ́ 16 ni wọ́n ti ń pè wọ́n padà wá tún un ṣe.

Ṣé irú ìfìdírẹmi bẹ́ẹ̀ ò wáyé rí lóòótọ́?

Ibí yìí ló yẹ ká jókòó sí dáadáa, torí òun gan-an ni àròjinlẹ̀ lójú ayé.

Ní 2024, ọmọ 1,842,464 ni èsì wọn jáde. Àwọn tí kò gba 200 nínú wọn jẹ́ 1,402,490. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Èsì àkọ́kọ́ ti 2025 jẹ́ nǹkan bí ìdá 78. Ẹni tó ń pariwo pé irú èyí ò ṣẹlẹ̀ rí kò bi ara rẹ̀ léèrè pé báwo ni ti èṣí ṣe rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdánwò JAMB kò ní "ó yege" tàbí "ó fìdí rẹmi" nínú. Wọ́n ń fi to àwọn ọmọ tẹ̀lé ara wọn ni, kí ilé ẹ̀kọ́ gíga lè mọ ẹni tí wọn yóò mú.

Àwọn tó mọ ìṣirò yìí sì tún kó sí kòtò mìíràn. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí 2025 ti jọ 2024, kò sí nǹkan kan tó ṣe. Wọn ò rántí pé àpapọ̀ máa ń bo àlébù mọ́lẹ̀. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù méjìlá ní Bàlógun, tó jẹ́ pé àpapọ̀ owó tó wọlé nìkan ló ń wò, lè má mọ̀ pé wọ́n ń kó o lọ́jà ní méjì nínú wọn. Àfi tó bá wo ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tó fárígá nìkan ló wo ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n kọ, wọ́n rí ohun tí wọ́n fún wọn, wọ́n sì ní méjèèjì ò bára mu. Àwọn ọmọ tí a ń sọ pé wọn ò lè ronú náà nìyẹn.

Lẹ́yìn tí wọ́n tún ìdánwò ṣe tán, àwọn tí kò gba 200 jákèjádò orílẹ̀-èdè ṣì ju ìdajì lọ dáadáa. Àṣìṣe JAMB jẹ́ òótọ́, àìtó ẹ̀kọ́ náà jẹ́ òótọ́. Ọ̀kan kò pa èkejì rẹ́.

Ti WAEC ńkọ́?

Oṣù mẹ́ta péré sí i ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 2025, WAEC gbé èsì jáde pé ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba kírẹ́dítì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ní 2024, ìdá 72.12 ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ojú òpó èsì pa. Àjọ náà, tí oríkò rẹ̀ ní Nàìjíríà wà ní Yábàá níbí, ṣàlàyé pé àwọn to ìbéèrè aláṣàyàn lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọmọ má baà lè wo ti ẹnìkejì, pé nígbà tí wọ́n ń máàkì Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn tí kò bá ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà mu ni wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, iye náà di ìdá 62.96.

Kí ni àròjinlẹ̀ túmọ̀ sí, ṣé ohun àjèjì ni?

Ohun tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ń pè ní critical thinking ni. Òun ni kí èèyàn má kàn gba ọ̀rọ̀ torí pé ẹni ńlá ló sọ ọ́ tàbí torí pé ó dùn mọ́ ọn nínú, kó má sì kọ̀ ọ́ torí pé kò fẹ́ràn ẹni tó sọ ọ́. Kó béèrè ẹ̀rí. Kó béèrè bóyá ìdí mìíràn lè wà. Kó sì lè yí ọkàn padà nígbà tí ẹ̀rí bá yí padà. Apá tó kẹ́yìn yìí ló ṣòro jù, òun sì lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ẹni tó ń ta ko gbogbo nǹkan kì í ṣe aláròjinlẹ̀, alátakò lásán ni.

Èdè Yorùbá ti ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ tipẹ́. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn láti wádìí bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ méjì, "mọ̀" àti "gbàgbọ́". Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn àgbà wọ̀nyẹn kì í pe ohun tí ẹlòmíì sọ fún wọn ní ìmọ̀. Ohun tí ojú rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, òun lo mọ̀. Èyí tí o gbọ́ tí o sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ gbọ́n tó, títí tí wàá fi dán an wò. Tí a bá fi òṣùwọ̀n yẹn wọn ọ̀rọ̀ tó ń wọlé sórí fóònù wa láàárọ̀, ìgbàgbọ́ ni èyí tó pọ̀ jù.

Há-sórí gan-an kì í ṣe ọ̀tá. Ọmọ ilé kéwú ń há sórí, ọmọ awo ń há ẹsẹ Ifá sórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ lẹ́yìn tí babaláwo bá ti kì í, iṣẹ́ kan ṣì kù: ẹni tó wá dá Ifá ni yóò mọ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu nínú àwọn ẹsẹ náà, àwọn méjèèjì yóò sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí a há sórí kò pé títí wọn ó fi wá ibi tí yóò gbà ṣiṣẹ́.

Ṣé ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ ọmọ ní èyí?

Ẹ wo ìdánwò tí gbogbo ilé ń tìtorí rẹ̀ sanwó lẹ́sìnnì. UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, ní ìbéèrè 180, 60 nínú wọn jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 lórí iṣẹ́ mẹ́ta yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí méjì ni wọ́n fún ọmọ. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló bọ́ sórí ìbéèrè kan. Ọmọ tó bá dúró láti bi ara rẹ̀ pé "ṣé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà?" ti pàdánù ìbéèrè méjì. Nítorí náà, ohun tí àwọn ilé lẹ́sìnnì láti Ṣómólú dé Ìyànà Ìpájà ń tà ni ìbéèrè ọdún tó ti kọjá: kíráàmù rẹ̀, lọ tú u sílẹ̀. Ẹni tí ìyẹn pàápàá bá sú, á wá "mírákù sẹ́ńtà" lọ, ibi tí wọ́n ti ń bá ọmọ ṣe màgòmágó ìdánwò.

Àwọn tó ń gbèjà ìdánwò aláṣàyàn ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì ni. Tí ó bá jẹ́ èèyàn ni yóò máa ka àlàyé wọn, ìgbà wo ni yóò tán, ta ni yóò sì dá a dúró kó má gba rìbá? Ẹ̀rọ kò mọ ọmọ ẹni. Wọ́n tún ní ìbéèrè aláṣàyàn tí wọ́n bá ṣe dáadáa lè dán ìrònú wò. Àwọn tó ta kò wọ́n dáhùn pé ohun tí ìdánwò bá béèrè ni olùkọ́ yóò kọ́, pé olùkọ́ tí kíláàsì rẹ̀ kún fọ́fọ́, tí sílábọ́ọ̀sì rẹ̀ ò sì tíì dé ìdajì, kò ní àyè fún "kí ni èrò tìrẹ?". Ìjọba àpapọ̀ fara mọ́ apá kan ẹjọ́ yìí ní ìparí oṣù Kẹjọ 2025, nígbà tí wọ́n kéde ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tó dín iye iṣẹ́ kù. Àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kìíní sí ìkẹta yóò máa ṣe iṣẹ́ 9 tàbí 10, àwọn ti ilé ẹ̀kọ́ gírámà àgbà yóò máa ṣe 8 tàbí 9, kí àyè lè wà fún ìjìnlẹ̀. Kò sì sí ìlànà tó lè dín èrò inú kíláàsì kù bí wọn ò bá gba olùkọ́ kún olùkọ́.

Àríyànjiyàn mìíràn tún wà tí kì í ṣe ti ìwé: ọ̀wọ̀. Àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù pé ọmọ tí a bá kọ́ láti máa béèrè ìdí yóò di aláfojúdi. Wọ́n á ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn mìíràn á dá wọn lóhùn pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ wò ó, èdè wa fúnra rẹ̀ ti la ọ̀nà sílẹ̀. Ọmọ tó kúnlẹ̀ tó ní "ẹ dákun mà, kò tíì yé mi, báwo lẹ ṣe mọ̀?" kò yájú sí ẹnikẹ́ni. "Ẹ" tó wà nínú ìbéèrè náà ló gbé ọ̀wọ̀ dání. Ìbéèrè náà ṣì jẹ́ ìbéèrè.

Kí ló kan ẹni tí kò ní ọmọ nílé ìwé nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ní oṣù Kẹrin 2025, ètò sogúndogójì tó ń jẹ́ CBEX fọ́ mọ́ àwọn èèyàn lórí. Ìlérí wọn ni pé owó rẹ yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 30. Àjọ SEC tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní ètò náà kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀ pàápàá, ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní SS2 ti tó láti túdìí rẹ̀. Ẹ fi ₦100,000 sílẹ̀, kó máa di ìlọ́po méjì lóṣooṣù fún ọdún kan gbáko. Oṣù kejìlá, ó di ₦409,600,000. Òwò wo ló wà ní Ìdúmọ̀tà tàbí ní Aláàbà tó lè sọ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún di mílíọ̀nù lọ́nà irinwó láàárín ọdún kan? Ọ̀pọ̀ ẹni tó fi owó síbẹ̀ ló ti yege ìṣirò yìí nínú WAEC. Wọ́n há a sórí, wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ó sì tán síbẹ̀. Kì í ṣe ojúkòkòrò nìkan ló fà á o. Ìyà ń jẹ àwọn èèyàn, ẹni tó mú wọn wọ̀ ọ́ sì sábà máa ń jẹ́ ará ilé tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí wọ́n fọkàn tán.

Àpẹẹrẹ tó jinlẹ̀ jù lọ wà ní Ọ̀bàléndé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014, Patrick Sawyer fò wọ Èkó láti Làìbéríà pẹ̀lú àìsàn, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultants. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ kà á sí, òun náà sì sẹ́ pé òun ò súnmọ́ ẹnikẹ́ni tó ní Ebola. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà sọ, ó sì wo ara rẹ̀. Oògùn ibà kò ṣiṣẹ́. Ibi tí ó ti wá ni Ebola ti ń jà. Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní í jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláṣẹ Làìbéríà ń yọ wọ́n lẹ́nu pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kò tíì rí aláìsàn Ebola kan rí. Ó ti fi ẹ̀rí tó wà níwájú rẹ̀ rò ó jinlẹ̀. Àìsàn náà mú un, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú, nínú orílẹ̀-èdè tí èrò pọ̀ sí bíi tiwa, a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá.

Nínú oṣù Kẹjọ yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù káàkiri ní òru pé kí gbogbo èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kílẹ̀ tó mọ́, kí Ebola má baà mú wọn. Ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò, ìyá ń jí ọmọ dìde. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, kò sí ẹni tó fẹ́ pa ènìyàn rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lẹ́yìn náà pé ó kéré tán èèyàn méjì ló kú ní Nàìjíríà látàrí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Èdè Yorùbá ló ń dí ọmọ lọ́wọ́ ìrònú àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé ìwé. Ní oṣù Kọkànlá 2025, Mínísítà Alausa kéde pé àwọn ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ni láti jẹ́léósinmi títí dé yunifásítì. Ìdí tó fi sílẹ̀ ni pé àwọn ẹkùn tó lo èdè abínibí jù ni ọmọ wọn ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Èdè tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta la sì ní, ibo lèèyàn fẹ́ kó ìwé àti olùkọ́ gbogbo wọn sí?

Àwọn onímọ̀ èdè ta kò ó kíákíá. Wọ́n ní ìlànà 2022 kò kúrò lórí ìwé ní ibi tó pọ̀ jù, báwo la ó ṣe di ẹ̀bi ru ohun tí a kò ṣe? Wọ́n tún ní kí á yà á sọ́tọ̀: bóyá òṣì, àìtó olùkọ́ àti àìlọ sílé ìwé ló ń fa ìfìdírẹmi níbẹ̀, tí èdè kàn bá a rìn. Ìbéèrè àròjinlẹ̀ pọ́ńbélé nìyẹn náà: pé nǹkan méjì jọ ń rìn kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Ẹ̀rí tí wọ́n máa ń mú wá jù ní í ṣe pẹ̀lú ọmọ Èkó kan. Aliu Babatunde Fafunwa, tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1923, ló ṣáájú ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ títí wọ́n fi parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn sí àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní àkànṣe ìwé ni wọ́n kọ fún wọn, pé ilé ìwé lásán kò lè rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Kí ni èdè ní í ṣe pẹ̀lú ìrònú? Ọmọ kan lè ka ìtumọ̀ photosynthesis ní Gẹ̀ẹ́sì geere láìṣì. Ẹ wá bi í ní Yorùbá pé kí ló dé tí ewé ewúro tí a gbé sínú iyàrá dúdú fi pọ́n. Tó bá lè dáhùn, ó ti yé e. Tí kò bá lè dáhùn, ohùn ló há sórí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ nílé ìwé torí pé ó sọ Yorùbá kò ní í nàka láti béèrè nǹkan tí kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ. Yóò dákẹ́ ni. Àwọn òbí tó fara mọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò sọ pé irọ́ ni èyí. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni JAMB fi ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ ní Màrínà, ọmọ tó bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ yóò kẹ́yìn.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà tún ní orí mìíràn. Ọmọ Mákòókò ń sọ Ògù nílé, ti Aláàbà lè máa sọ Ìgbò, ti Agége lè máa sọ Haúsá. Èdè abínibí ta ni ká mú?

Kí ni wọn ò tíì yanjú?

Ní oṣù Kejì 2018, Gómìnà Akinwunmi Ambode buwọ́ lu òfin tó sọ Yorùbá di iṣẹ́ dandan ní gbogbo ilé ìwé Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Kíkọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ yàtọ̀ sí fífi Yorùbá kọ́ iṣẹ́ yòókù, nítorí náà ìkéde 2025 kò pa òfin náà rẹ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sábẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ pa pọ̀, èyí ló jẹ́ kí àwọn amòfin máa jiyàn lórí bí ọwọ́ Àbújá ṣe gùn tó nínú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ohun tí olùkọ́ tó wà nínú kíláàsì yẹn fẹ́ mọ̀ kéré sí ìyẹn: bí ọmọ bá nàka sókè lọ́la pé ìṣirò yìí ò yé òun, ṣé òun lè fi Yorùbá là á yé e, àbí òun ti rú òfin?